Ẹja Tí Ó Ń Jẹ́ Nyerere

Ọ̀rọ̀ ẹja ni mo fẹ́ bá yín sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò bi mí pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹja, bí kò ṣe pé kí ó fi jẹ ẹ̀bà kí ó sì fọ ọwọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ti sọ bẹ́ẹ̀ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n orúkọ ni iṣẹ́ tiwa, ẹja tí mo ń sọ yìí sì ní orúkọ tí ó tó kí ènìyàn fa àga sún mọ́ ọn.

Adágún ńlá kan wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Speke dé etí rẹ̀ ní 1858, tí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ ọba rẹ̀ obìnrin, Victoria. Adágún náà kò ṣàìní orúkọ kí ó tó dé. Nalubaale ni àwọn tí ń sọ èdè Luganda ń pè é, ṣùgbọ́n àlejò kì í sábà béèrè orúkọ lọ́wọ́ onílé. Nínú adágún yìí ni ẹja kékeré kan wà tí kì í kúrò ní ìdí àpáta. Kò fi bẹ́ẹ̀ gùn ju ìka àárín ọwọ́ lọ. Ẹ̀yìn akọ rẹ̀ pupa fòò bí epo tuntun, ìhà rẹ̀ rí bí ìyeyè tí ó pọ́n, ìlà dúdú sì fà láti òkè ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ bí ilà ojú. Abo rẹ̀ kò ní irú ẹwà bẹ́ẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò mọ́ kò dú. Ní 1985, àwọn onímọ̀ méjì, Witte-Maas àti Witte, kọ àpèjúwe rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì fi orúkọ Julius Nyerere pè é, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ orílẹ̀-èdè Tanzania. Ọdún náà gan-an ni Nyerere fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ipò náà sílẹ̀. N kò mọ iye olórí ní ilẹ̀ Áfíríkà tí irú nǹkan méjì bẹ́ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí ní ọdún kan náà, kí ó dìde lórí àga láìsí ẹni tí ó fi ìbọn lé e, kí ẹja inú àpáta sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Nyererei ni orúkọ tí ó gbẹ̀yìn. Èyí tí ó ṣáájú, tí ó jẹ́ orúkọ agbo ilé rẹ̀, ni Pundamilia, tí wọ́n fún un ní 1998. Ibi tí mo kà á dé nìyí tí mo fi rẹ́rìn-ín sókè nínú ilé ìkàwé, tí olùtọ́jú ìwé sì fi ojú bá mi wí. Èdè Swahili ni. Punda ni kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, milia ni ìlà tí ó wà lára nǹkan. Ẹranko orí pápá tí àwọn Swahili ń pè ní punda milia yìí, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà ni àwa náà ń pè é. Kò sí ẹni tí ó rán Yorùbá sí Swahili tàbí Swahili sí Yorùbá láti lọ jíròrò. Oníkálukú wo ẹranko tí a ń sọ, ó rí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó kọ ilà, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nígbà tí ẹja wá ní irú ilà bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ kò wulẹ̀ lọ sí èdè Látìn, wọ́n mú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀.

Ó sì tọ́ kí ẹja tí ń jẹ́ Nyerere ní èdè Swahili nínú orúkọ rẹ̀, nítorí onítumọ̀ ni ọkùnrin náà. Ní 1963, nígbà tí ó ti di ààrẹ, ó tẹ ìtumọ̀ eré Julius Caesar tí Shakespeare kọ jáde ní èdè Swahili, ní 1969 ó tún tẹ The Merchant of Venice. Mwalimu ni àwọn ènìyàn rẹ̀ ń pè é, ìyẹn ni Olùkọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún wa pé àyè kò sí láti túmọ̀ ìwé kan ṣoṣo fún ẹgbẹ́ wa nítorí ìdánwò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ro ti ẹni tí ó ń ṣe àkóso orílẹ̀-èdè.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ìlú òkèèrè ni mo gbé wá bá yín. Ẹbí kan náà ni ẹja Nyerere àti epìyà tí a ń rí nínú ọbẹ̀. Ẹbí yìí gbilẹ̀ púpọ̀ ní Áfíríkà. Nínú adágún Victoria nìkan, irú tí ó wà níbẹ̀ ti ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ rí. Ní adágún Màláwì, àwọn tí ń gbé ìdí àpáta ní orúkọ tiwọn, mbuna, ọ̀rọ̀ èdè Tonga tí ó wà létí adágún náà, gbogbo ayé tí ń sin ẹja sínú dígí ni ó sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí dé Jámánì àti Amẹ́ríkà. Orúkọ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń pe epìyà nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ọ̀mọ̀wé, ìyẹn tilapia, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1840 ni Andrew Smith fi sínú ìwé, láti inú ọ̀rọ̀ tí àwọn Tswana ní gúúsù Áfíríkà ń lò fún ẹja lásán, tlhapi. Nítorí náà, arábìnrin wa tí ó dá ẹni tí ń tajà oúnjẹ lóhùn ní ọjọ́ kan pé òun kì í jẹ epìyà, tilapia ni òun ń jẹ, èdè Tswana ni ó fi ń ṣe fáàrí.

Ìyá àgbà mi ń ta ẹja yíyan ní ọjà Àpòmù, ìlú Ìkirè ni a sì ń gbé. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn mọ ọjà Àpòmù. Níbẹ̀ ni ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí ataare tí iye rẹ̀ kò tó nǹkan, ní nǹkan bí 1821, tí ó sì di ogun tí ó tú Òwu. Ìyá àgbà kò ka ìtàn yìí rí, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ìjà ọjà kì í kéré. Ẹja kan kò gbọdọ̀ dín nínú iye tí ó bá kà fún oníbàárà. Epìyà, àrọ̀ àti ọ̀bọ̀kún ni ó ń yan, ó sì máa ń fi ọwọ́ ra ikùn ẹja kí ó tó rà á.

Mo sọ fún un ní ọjọ́ kan pé ẹja kan wà tí ó ń jẹ́ orúkọ ààrẹ. Ó ní, “Ṣé ààrẹ náà ni ó ni odò ni?” Mo ní rárá, wọ́n fi yẹ́ ẹ sí ni. Ó ní ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yẹ́ sí, kí wọ́n fún un ní màlúù. Mo wá sọ bí ẹja yìí ti ń bímọ fún un, pé bí abo bá ti yé ẹyin tán, kíá ni yóò kó wọn sí ẹnu. Akọ ní àmì róbótó róbótó kan lára lẹbẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó jọ ẹyin gan-an. Abo yóò rò pé ẹyin òun kan ni ó ṣẹ́ kù, yóò súnmọ́ ọn láti kó o, níbẹ̀ ni àtọ̀ akọ yóò ti wọ ẹnu rẹ̀ bá àwọn ẹyin. Láti ìgbà náà ni yóò ti máa gbé ọmọ kiri ní ẹnu fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ìyá àgbà fi àpò ìyẹ̀fun tí ó ń tẹ́ sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, “Kí ni ó ń jẹ ní gbogbo ìgbà náà?” Mo ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ìyá ni.”

Inú mi dùn láti tún sọ fún un pé nínú odò tiwa ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹja kékeré kan wà nínú ẹbí yìí, Chromidotilapia guntheri, tí ó jẹ́ pé akọ ni ó ń gbé ọmọ ní ẹnu. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀, inú omi nìkan ni a ti lè rí i. Àwọn obìnrin tí ó wà ní ìsọ̀ kejì gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di ti gbogbo ọjà. Títí di ọ̀la, bí mo bá kọjá níbẹ̀, ẹnìkan yóò béèrè ẹja onínúure lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ tí ó ká mi lára gan-an, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ni ó ti wá. Bàbá Kékeré ni gbogbo wa ń pè é, apẹja ni ní adágún Àṣejíre. Odò Ọ̀ṣun ni ó di adágún níbẹ̀. Odò náà ṣẹ̀ láti Ìgèdè ní Èkìtì, ó gba Òṣogbo kọjá, níbi tí igbó rẹ̀ ti wọ inú ìwé àjogúnbá gbogbo ayé ti UNESCO ní 2005, ó sì ń bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa kí ó tó lọ sí ọ̀sà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n parí ìdènà omi ní Àṣejíre kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi mu. Omi ẹ̀rọ Ìbàdàn ni ó sọ àwọn ènìyàn wa di apẹja adágún. Bí ó bá jẹ́ odò lásán ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ìbá wà ní oko kòkó.

Bàbá Kékeré kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé epìyà wà ní orí rẹ̀. Ó mọ èyí tí ó ní àmì dúdú márùn-ún ní ìhà, tí ń jẹ ọmọ ẹja ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hemichromis fasciatus. Ó mọ èyí tí ikùn rẹ̀ máa ń pupa, tí ń fi ẹyin lé orí òkúta tàbí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi, tí takọ tabo rẹ̀ yóò sì dúró tì í bí ọdẹ. Coptodon zillii ni ìyẹn nínú ìwé. Ó mọ èyí tí ń gbé ọmọ ní ẹnu, nítorí pé bí ó bá fa àwọ̀n sókè, a máa tu ọmọ sínú ọkọ̀. Gbogbo rẹ̀, epìyà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, yóò ní epìyà alámì, epìyà olókùúta, epìyà abiyamọ. N kò gbọ́ orúkọ wọ̀nyí lẹ́nu ẹlòmíràn ní Ìkirè. Bóyá òun ni ó sọ wọ́n, bóyá ẹni tí ó kọ́ ọ ní iṣẹ́ ni, ó ti kú.

Nígbà tí mo wá sílé ní ìsinmi tí ó kọjá, mo bá Bàbá Kékeré létí omi, ó ń fọ àwọ̀n. Ó ń fọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ ń jáde. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, òun a máa rí òkúta ìsàlẹ̀ láti inú ọkọ̀, ní ẹsẹ̀ omi tí kò jìn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo wa ni a ti rí àwòrán odò Ọ̀ṣun tí ó rí bí tíì oníwàrà. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà ti wà nínú ìwé ìròyìn láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Omi tí àwọn bàbá wa ń bù fún àgàn mu! Bàbá Kékeré kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò rí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Àṣejíre, àbọ̀ ohun tí wọ́n ṣe lókè ni ó ń ṣàn bá òun.

Ó wá bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní ṣé nínú gbogbo ìwé tí mo ń kà ní yunifásítì, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ohun tí ẹja ń ṣe bí omi bá rú.

Ó wà. Ẹja Nyerere ni wọ́n kọ ọ́ sí ara rẹ̀. Ó ní ìbátan kan tí wọ́n jọ ń gbé ìdí àpáta, Pundamilia pundamilia. Akọ ti ìbátan yìí kò pupa, ó ní àwọ̀ aró. Abo àwọn méjèèjì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ènìyàn kò fi lè yà wọ́n dáadáa. Wọ́n lè bá ara wọn bímọ, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sì í yàgàn. Kí ni kò wá jẹ́ kí wọ́n dàpọ̀? Àwọ̀ ni. Abo ẹja Nyerere ń wá akọ tí ó pupa, abo èkejì ń wá aláró. Ole Seehausen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó wọn sínú omi dígí. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ funfun, oníkálukú mọ ẹni rẹ̀. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí kò jẹ́ kí pupa yàtọ̀ sí aró, àwọn abo ẹja Nyerere kò yan ẹnikẹ́ni mọ́, èyí tí ó bá ṣáà ti súnmọ́ wọn ni.

Wọ́n wá jáde lọ sí adágún fúnra rẹ̀. Létí erékùṣù Makobe, níbi tí omi ti tòrò, pupa wà lọ́tọ̀, aró wà lọ́tọ̀. Bí wọ́n ti ń wọ inú apá omi Mwanza lọ síbi tí omi ti ń rú sí i, ààlà náà ń parẹ́ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀pọ̀ ẹja kò ti jẹ́ pupa kò jẹ́ aró. Ní 1997 ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀, pé ibi tí omi bá ti rú, irú ẹja tí ó wà níbẹ̀ kò pọ̀, àwọ̀ wọn sì ṣá. Kò sí ẹni tí ó da májèlé sí omi níbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ oko tí òjò gbé wọlé, ìdọ̀tí ìlú, àti ewéko omi tí ìdọ̀tí náà ń bọ́ ni. Ìparun mìíràn tún wà lórí ìyẹn o. Ẹja ńlá kan tí wọ́n ń pè ní sangara, tí wọ́n mú wá láti ibòmíràn ju sínú adágún náà ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, pọ̀ lójijì ní àwọn ọdún 1980, ó sì jẹ ọgọ́rùn-ún mélòó kan nínú irú wọn run. Ṣùgbọ́n àpáta ń dáàbò bo àwọn tí ó wà ní ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ sangara. Kò lè dáàbò bò wọ́n lọ́wọ́ omi tí ó rú.

Mo sọ gbogbo èyí fún Bàbá Kékeré bí mo ti lè sọ ọ́. Ó gbọ́ tán, ó ń fa okùn àwọ̀n láti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì. Ó ní, “Ìyẹn ni pé wọn kò kú.” Mo ní rárá sà, àwọn yẹn kò kú. “Wọn kò kàn mọ ara wọn mọ́ ni.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà. Ó ní ti òun burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé epìyà olókùúta ń yé lé orí òkúta, bí ẹrẹ̀ bá sì bo òkúta, ó bo ẹyin. Ó ní abiyamọ ni òun ṣì ń rí pa díẹ̀, nítorí ó gbé ilé rẹ̀ dání.

Ẹ kíyèsí i pé n kò sọ ìyẹn fún un. Nígbà tí mo padà sí ilé ẹ̀kọ́ ni mo béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tí ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ó ní òótọ́ ni pé ẹrẹ̀ a máa pa ẹyin tí a yé sí ilẹ̀ omi. Láti ọjọ́ náà kò bi mí mọ́ pé kí ni ó kan èdè nínú ọ̀rọ̀ ẹja.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mo fẹ́ kí a jiyàn lé lórí nínú ẹgbẹ́ wa. Àwọn kan fẹ́ kí a máa kọ síkílídì fún gbogbo ẹbí yìí nínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Yorùbá, kí ó lè bá ti Òyìnbó mu. N kò bá wọn lọ síbẹ̀. Epìyà ti gbòòrò tó. Ẹbí epìyà ni gbogbo wọn, epìyà àpáta sì ni ẹja Nyerere àti mbuna. Bí èdè Tonga bá lè fún gbogbo ayé ní ọ̀rọ̀, tí èdè Tswana sì wà lẹ́nu àwọn tí ń ta ẹja ní ìlú London, kí ni ó mú kí tiwa ti ojú? Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí a tó parí ìjíròrò lórí ọ̀rọ̀ ìperí, alámì, olókùúta àti abiyamọ lè ti di epìyà lásán, nítorí pé kò ní sí ìyàtọ̀ nínú àwọ̀n mọ́ tí a ó fi máa ya orúkọ wọn. Èmi kò gbà pé ìṣòro méjì nìyí. Ẹni tí kò bá rí òkúta ìsàlẹ̀ omi mọ́, báwo ni yóò ṣe sọ fún ọmọ rẹ̀ pé èyí ni olókùúta?

Ọmọ Bàbá Kékeré àgbà ti sọ pé òun kò pa ẹja, ọ̀kadà ni òun fẹ́. Wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n pè mí sí ìpàdé náà nítorí pé mo kàwé, wọ́n fẹ́ kí n dá sí i. Mo ní ọmọ náà kò jẹ̀bi, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe ta ọkọ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀ tó kọjá. Ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ gbà, nítorí ẹja tí yóò yan. Bàbá Kékeré kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ rárá. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń wọ ọkọ̀ padà sí ilé ẹ̀kọ́, tí mo di dòdò Ìkirè mi mọ́ àyà, ó wá sí ojú fèrèsé. Ó ní bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, kí n wá, òun yóò wa ọkọ̀ gbé mi dé ibi òkúta kan ní ìhà òkè adágún, níbi tí omi a máa tètè tòrò. Ó ní kí n mú ìwé tí mo ń kọ orúkọ sí lọ́wọ́, kí n sì wá bàtà rọ́bà.